Ọdún Tí Wọ́n Bupá fún Wa Nítorí Ọkọ̀ Òkun

Orí àpáta ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé a ó lọ. Ní agboolé wa ní Òwu, bí èèyàn bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, àpáta kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí oòrùn sì máa ń mú gbóná débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé kì í lè dúró lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń sá láfún sí. Láàárọ̀ a ó gbé gbágùúdá tó ti rọ̀ nínú omi ìkòkò jáde, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì máa já a ní kékeré kékeré sórí òkúta títí gbogbo ibẹ̀ yóò fi funfun. Òórùn kíkan rẹ̀ ni òórùn ilé wa. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lónìí níbikíbi, ọwọ́ mi á ti lọ sí apá mi òsì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó sábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà, kí n máa fi ọ̀pá lé adìyẹ àti ewúrẹ́. Láti ibẹ̀ mo máa ń gbọ́ gbogbo agboolé: ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi tó ń ké kàtàkàtà lójúde, odó àwọn ìyàwó ilé, Baálé wa tó ń húkọ́ nínú yàrá rẹ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. N kò bẹ̀rù nǹkan kan nígbà náà, àfi àkùkọ pupa kan tó máa ń fò mọ́ mi.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ó ti bá wọn lọ sógun ní Bọ́má, ó sì padà dé pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pípé, ṣùgbọ́n màmá mi máa ń sọ pé ọkàn rẹ̀ kò tíì bọ̀. Bí ó bá ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́, á dédé dúró, á máa wo ìhà Lafẹ́nwá níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun ti ń gbé ìlú òyìnbó, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán ẹ̀wù, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí ó máa bọ̀. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá mi wá sórí àpáta, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀ lórí láfún tó ń sá lọ́wọ́.

"Dìde, o ń ba láfún mi jẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí ló dé tí o fi ń dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó?"

"Ìyá, a fẹ́ lọ ni."

"Ẹ fẹ́ lọ síbo?"

"Ìlú òyìnbó. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, Àbẹ̀kẹ́ àti Akin. Bí òjò bá ti dá, ọkọ̀ á gbéra."

"Ogun mìíràn tún ti dé ni?"

"Kò sí ogun, Ìyá. Iṣẹ́ ìránṣọ mi ni mo fẹ́ lọ ṣe."

"Àwọn òyìnbó tó ń wọ ṣòkòtò kí a tó bí ọ, ìwọ lo fẹ́ lọ rán ṣòkòtò fún wọn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò wá máa bá mi lé adìyẹ?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ó máa lé wọn, Ìyá. Ẹ̀rù yín ń bà wọ́n ju ẹ̀rù Àbẹ̀kẹ́ lọ."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ ìyá àgbàlagbà náà. Gbágùúdá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń já a, ó ń já a, títí ó fi di ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ.

Ìyá Àgbà kì í ṣe kèfèrí. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ orin ìyìn lórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ àìsàn kan wà tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi náà kò ní í kọ ọ́ síbí. Wọ́n sọ lórí rédíò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé ó ti tán ní gbogbo ayé, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá dá èèyàn lójú, kí ó yáa dákẹ́ ni. Olóde ni wọ́n ń pè é nílé wa, tàbí Ilẹ̀gbóná. Àìsàn tó ń kó kókó bo ara, tó ń fi àpá sójú ẹni tó bá ṣẹ́kù. Nítorí rẹ̀, a kì í yan ẹ̀pà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A kì í súfèé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lórí àpáta nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, nítorí pé ìgbà yẹn ni òun náà ń rìn. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, ọkùnrin kan wọ ìlú tó ń mú nǹkan lára ẹni tó ní àìsàn náà, tó ń fi abẹ kékeré sín in sápá ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó ní bí ó bá ti gba ibẹ̀ wọlé, yóò rọra ṣe é. Ó sín in fún àbúrò Ìyá Àgbà obìnrin. Ọmọ náà kò rí òpin oṣù náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òwe yìí parí ìtàn náà.

Nítorí náà, ọjọ́ tí bàbá mi wí pé ọkọ̀ òkun kò ní í gbé ẹnikẹ́ni tí wọn kò bá bupá fún nítorí àìsàn yìí, Ìyá Àgbà kò jẹun. Láfún àti ọbẹ̀ ilá ni a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, tirẹ̀ wà nínú àwo títí ó fi dì. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ lé wa lọ sí dìsìpẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, Dókítà Kékeré ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé dókítà ńlá kì í sábà wá. Ó ní ìgò tín-ín-rín kan àti abẹ́rẹ́. Ó kán nǹkan inú ìgò sí wa lápá, ó wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha ibẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá mi kọ́kọ́ gba tirẹ̀, lẹ́yìn náà màmá mi, lẹ́yìn náà Akin àbúrò mi tí màmá mi pọ̀n, tó ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

"Kí ló wà nínú ìgò yẹn?" ni Ìyá Àgbà bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Oògùn ni, Ìyá."

"Lára ta ni ẹ ti mú un?"

"Lára màlúù ni, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Màlúù? Màlúù Gàḿbàrí?"

Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Kékeré náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa apá mi. N kò ké. Ojú Ìyá Àgbà ni mò ń wò, ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ ni mo sì gbà wọlé ní tèmi.

Bí a ti délé, màmá mi lọ fún Akin lọ́mú, bàbá mi lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá Àgbà mú mi lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó bu ọṣẹ dúdú sórí kànìnkànìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ apá mi. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Ó ta mí, mo sì figbe ta, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. N kò ní í jẹ́ kí wọ́n gba ara rẹ gbé Olóde wọlé." Kò ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú rẹ̀, ohun tó yẹ kí ìyá ṣe ló ṣe. Bí kì í bá ṣe pé Akin wà lẹ́nu ọmú ni, ì bá fọ tirẹ̀ náà.

Nígbà tí a padà lọ kí Dókítà Kékeré lè yẹ apá wa wò, apá bàbá mi ti wú, omi wà nínú rẹ̀ bí ibi tí iná jó. Ti màmá mi rí bẹ́ẹ̀, ti Akin rí bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀. Ó gbé apá tèmi sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ti eléyìí kò mú," ó ní. "Dókítà tó wà lẹ́nu ọkọ̀ yóò wo apá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí àpá bupá, ọmọ yìí kò ní í wọkọ̀."

"Báwo ni kò ṣe mú?" ni bàbá mi bèèrè. "Ṣebí inú ìgò kan náà ni?"

"Ó jọ pé wọ́n fọ̀ ọ́ ni."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni," ni Ìyá Àgbà wí. Kò fi ohùn pẹ́lẹ́ sọ ọ́. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Mo fi ọsàn sí i pẹ̀lú."

Kò sí ohun tí ọmọ lè sọ sí ìyá rẹ̀ níwájú àlejò. Màmá mi ló sọ̀rọ̀, òun tí n kò gbọ́ rí kí ó gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni. Ẹ kò fẹ́ kí ó lọ. Ẹ sọ òótọ́."

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ, n ó bẹ̀ ọ́. Mi ò ní í fi ọṣẹ gbà á."

Mo ti rò ó títí ní gbogbo ọdún tí mo ti gbé láyé. Mo ti rò ó nígbà tí mo bí ọmọ tèmi. N kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀rù nìkan ni, tàbí bóyá ìfẹ́ ti fara pamọ́ sínú ẹ̀rù náà. Mo rò pé òun náà kò mọ̀.

Dókítà Kékeré tún ha apá mi lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí a máa retí. Bí ó bá wú kí a tó lọ, kò burú. Ìgbà náà ni ẹ̀rù wọ ilé wa gan-an. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màmá mi á ti wá síbi ẹní mi, á ká apá ẹ̀wù mi sókè, á sì mí kanlẹ̀. Bàbá mi kò ní í bèèrè. Á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, á máa wojú màmá mi, bí kò bá wí nǹkan kan, á tún máa rán aṣọ lọ. Èmi ní tèmi, ẹ̀rù méjì ló wà nínú mi. Bí ó bá mú, mo rò pé Olóde yóò gba ibẹ̀ wọlé pa mí bí ó ti pa àbúrò Ìyá Àgbà. Bí kò bá mú, wọn yóò fi mí sílẹ̀. Lálẹ́ mo máa ń gbàdúrà kí ó mú, lẹ́yìn náà n ó tún yára gbàdúrà kí ó má mú, n ó wá máa bẹ̀rù pé Ọlọ́run ti bínú nítorí pé n kò mọ ohun tí mò ń tọrọ. Ìyá Àgbà kò fọwọ́ kan apá náà mọ́. Bí ó bá ń wẹ̀ fún mi, ó máa ń gbé e sókè kúrò nínú omi, bí ẹni tó ń gbé àtùpà tó ń jó.

Kò mú títí ọjọ́ fi pé. Màmá mi ní òun kò lọ mọ́. Mo gbọ́ wọn láti inú yàrá.

"Bí a bá dúró báyìí, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, a ò ní í lọ mọ́ láyé."

"Kí a má lọ. Ṣé àìlọ á pa wá ni?"

"Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi á bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Á mú Àbẹ̀kẹ́ tọ̀ wá wá. Ọdún kan péré."

"Ẹ wo ojú ọmọ náà kí ẹ tó sọ pé ọdún kan péré."

Ní Lafẹ́nwá, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, màmá mi tún ká apá ẹ̀wù mi sókè lójú gbogbo èèyàn. Apá náà tẹ́jú. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi ró mi láṣọ, ó wọkọ̀ pẹ̀lú orí òfìfo, ohun tí obìnrin ilé wa kì í ṣe. Akin ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó rò pé eré ni. Bàbá mi kò wẹ̀yìn. Mo ti bínú sí i fún ìyẹn tẹ́lẹ̀ rí. N kò bínú mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wẹ̀yìn, àjò náà tán.

Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà. Ìyá Àgbà ń wẹ̀ fún mi láàárọ̀ nígbà tó rí i: kókó kékeré pupa kan, lọ́jọ́ kejì omi wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ balùwẹ̀.

"Ó mú," ó ní.

Mo ní, "Ṣé n ó kú?" Ó wá aṣọ funfun tó mọ́, ó fi wé apá mi, kò sì fọ̀ ọ́. N kò kú. Ara mi gbóná, ó sì rọ̀. Èèpá rẹ̀ jábọ́, ó fi ihò kékeré sílẹ̀ tó rí bí ibi tí èèyàn ti ìka bọ ẹ̀kọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí láfún ń gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àìsàn náà wọ agboolé. Ó kọ́kọ́ mú ìyàwó ọmọ Baálé, ó mú ọkùnrin kan tó máa ń bọ̀ láti oko Kọ́bapẹ́. Odó dákẹ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn wolé-wolé wá pẹ̀lú àkẹtẹ̀ wọn àti àpótí oògùn bupá, àwọn èèyàn sì gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sí Adigbẹ, wọ́n sá lọ sóko. Ìyá Àgbà kò sá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ara òun ti gbó, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọ ọ́. Nígbà tí àwọn wolé-wolé tún padà wá, àìsàn náà ti dá a dùbúlẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn sí lẹ́yìn ìlú ti kún. Wolé-wolé náà bèèrè pé ta ló ní àpá bupá nínú ilé yìí. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Ó wá rí tèmi, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìwọ ni kí o máa wọlé tọ̀ ọ́. Kò lè mú ọ. Àwọn yòókù, ẹ dúró síta."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo agboolé, èmi ọmọdé nìkan ló ń wọ yàrá náà. Wọ́n á gbé ẹ̀kọ mímu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sá padà. Èmi á gbé e wọlé. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ní kí n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ẹní. N kò gba ohun tí wolé-wolé sọ gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ré ẹnu ọ̀nà kọjá ni mo rò pé ó di tèmi. Mo máa ń di apá mi mú bí ẹni tó di ilẹ̀kùn. Ojú Ìyá Àgbà ti dí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Àbẹ̀kẹ́, gbé apá rẹ wá."

Mo nà án sí i. Ẹ̀rù ìka rẹ̀ bà mí, síbẹ̀ mo nà án. Ó fi ìka wá ibẹ̀ títí ó fi bọ́ sínú ihò kékeré náà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Màlúù." Ẹ̀rín fẹ́ mú un, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Bí mo bá ti fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìwọ ì bá ti lọ. Ìwọ ì bá wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ." Ó sinmi. "Ṣùgbọ́n ta ni ì bá fún mi lómi?"

Mo fún un lómi.

Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kú, ọmọ mélòó kan ló kù nílé pẹ̀lú Baálé. Àwọn wolé-wolé ti wá gbé e lọ, wọ́n sì ti sun ẹní rẹ̀ lórí àpáta. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí Baálé gbá mi lẹ́nu mú. Kì í ṣe èèyàn búburú.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún," ó ní. "Ọba Olóde ló mú un. Bí ó bá pa èèyàn, ọpẹ́ ni à ń dá. Bí ó bá gbọ́ ẹkún, á padà wá mú ẹni tó sun ún. Ẹ dúpẹ́."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú gbígbẹ.

"Àbẹ̀kẹ́, n kò gbọ́ ohùn tìrẹ."

"A dúpẹ́," ni mo wí.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá mi wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ó mú ẹ̀wù òtútù wá fún mi. Mo lọ dì mọ́ igi ìyeyè, n kò sì jẹ́ kí wọ́n já ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n rò pé òkun ni mò ń bẹ̀rù. N kò lè sọ fún wọn pé Olóde ti gbọ́ ohùn mi, ó ti mọ̀ mí, àti pé bí mo bá wọkọ̀, á tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ Akin. Baálé ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe dàgbà sí Òwu, tí mo lọ síléèwé díẹ̀, tí mo lọ́kọ, tí àwọn òbí mi sì di fọ́tò lára ògiri. Akin kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá mi kú lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń rán aṣọ òtútù.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni màmá mi wá. Arúgbó ni, èmi náà ti ń hewú. Mo kúnlẹ̀ láti kí i. Ó fà mí dìde, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ká apá ẹ̀wù mi sókè gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ ọdún náà. Ó rí i.

"Ó mú," ó ní.

"Ó mú, mà. Ọkọ̀ yín kò tíì gúnlẹ̀ nígbà tó mú."

Ó fẹnu kan ibẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì la ẹnu bí gbogbo ìyá tó bá rí ọmọ rẹ̀ láàyè. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ ló fẹ́ jáde. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ má wí i, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wí i síta níbí."

Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Baálé ní kí a dúpẹ́, kò lè mọ̀. Ojú rẹ̀ ń bi mí léèrè lókè ọwọ́ mi, n kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí oòrùn fi kúrò lórí àpáta.